Jẹ́sì Nọ́ńbà Mẹ́wàá àti Owó Ojú Ìyá

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àpò jẹ́sì ẹgbẹ́ rọ́gíbì máa ń dé sí ilé ìfọṣọ náà. Baba Oníjẹ́sì, tó ń tọ́jú aṣọ ẹgbẹ́ náà, á fà á wọlé, á kí gbogbo ilé, á sì jáde. Òórùn ẹrẹ̀ àti òógùn á ti ṣíwájú àpò náà dé ìdí ẹ̀rọ.

Alágbàfọ̀ ni í tú u. Gbogbo wọn níbẹ̀ ni alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, torí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kó tó ju jẹ́sì sínú ẹ̀rọ, á yí inú rẹ̀ síta, á wá ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó ti sọ ẹ̀jẹ̀ di àwọ̀ aṣọ nìyẹn.

Ní ìhà kejì yàrá náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ aṣọ. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí pé kò sí ohun tí èèyàn bi í tí kì í fèsì sí.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "ṣé o mọ̀ pé owó lò ń fọ̀ yẹn?"

"Ẹrẹ̀ ni mo rí."

"Ojú alágbàfọ̀ lo fi ń wò ó ni. Súnmọ́ ibí, jẹ́ kí n là ọ́ lójú. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń kojú ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bọ́ọ̀lù wọn gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì ń fi gbé e sáré. Tí wọ́n bá gbé e kọjá ìlà àwọn kejì, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmì márùn-ún. Wọ́n á wá gbá a gba àárín òpó méjì, àmì méjì sí i. Bí àwọn kejì bá rúfin, wọ́n lè gbá a sáàárín òpó, àmì mẹ́ta nìyẹn."

"Ta ló ń gbá a?"

"Nọ́ńbà mẹ́wàá ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀mí ẹgbẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

Alágbàfọ̀ da ọṣẹ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò dákẹ́.

"Tẹ́tẹ́ rẹ̀ ò le. O lè sọ ẹni tó máa borí, ṣùgbọ́n owó kékeré ló wà níbẹ̀, torí gbogbo ayé ló mọ alágbára. Ohun tí ilé tẹ́tẹ́ wá ń ṣe ni pé wọ́n á di ẹrù lé alágbára lórí. Ká ní wọ́n di ẹrù àmì méjìlá lé e. Tó bá fi àmì mẹ́wàá borí, ó borí lórí pápá o, ṣùgbọ́n owó ẹni tó gbè é ti wọgbó. Ó gbọ́dọ̀ fi mẹ́tàlá borí kí ó tó jẹ."

"Ta ló ń di ẹrù náà?"

"Ilé tẹ́tẹ́ ni."

"Ta ló ń wọ̀n ọ́n?"

"Àwọn náà ni."

"Ta ló ń sanwó?"

"Àwọn náà ni! Ṣé o fẹ́ kọ́ ọ ni, àbí o fẹ́ di lọ́yà?"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ká ní Alágbàfọ̀ dúró sórí ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Ìríran ìyá rẹ̀ ń lọ. Dókítà sọ pé ìfúnpá inú ojú ìyá ti ga kọjá ààlà, ó sì ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Wọ́n ti ń kán oògùn sí i láti ọdún tó kọjá, kò ràn án mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù.

Àwọn ọmọ sì ti dáwó jọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ, ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tó ní. Àbúrò wọn tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ń fi owó ránṣẹ́ láti ojú ọ̀nà. Ọwọ́ Alágbàfọ̀ ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Owó tó bá rí nínú àpò ṣòkòtò oníbàárà, á sá a gbẹ, á dá a padà fún olówó.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí owó náà pé, ilé ìwòsàn fi kún iye tí wọ́n ń gbà. Díẹ̀ tó kù yìí ló gbé Alágbàfọ̀ lọ sídìí tẹ́tẹ́. Kò fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó ta ẹ̀rọ kejì.

Owó ọkọ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ta á, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé lọ́jọ́ náà. Ó jẹ. Ó tún ta á, ó tún jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbá a lẹ́yìn.

"Ṣé o rí i? Ọpọlọ ni. Kì í ṣe oríire."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju owó náà lọ. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń yìn. Kò sẹ́ni tó yin ọpọlọ rẹ̀ rí.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan. Ó tú àpò jẹ́sì, ó sì bá nọ́ńbà mẹ́wàá ní mímọ́. Ẹrẹ̀ ò sí, ẹ̀jẹ̀ ò sí. Ó gbé e sí imú, òórùn ọṣẹ tiwọn ló ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà ni. Ó gbé e lọ sí ìdí tábìlì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń lọ aṣọ.

"Nọ́ńbà mẹ́wàá kò gbá bọ́ọ̀lù," ó rọra sọ.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Aṣọ rẹ̀ ni. Gbóòórùn rẹ̀. Ó ti fara pa, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀ kó má baà jó o. "Háà! Ilé tẹ́tẹ́ kò mọ èyí o. Gbogbo wọn lókè lọ́hùn-ún, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àwa méjì tí à ń fọṣọ la mọ̀ ọ́n!"

Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé wọn ò mọ ẹni tó wà lórí pápá. Àwọn méjèèjì kì í wo ìdíje. Èsì ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á sì wo owó. Baba Oníjẹ́sì sì ń wọlé, ó ń jáde níwájú wọn, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó rò pé òun ní àṣírí kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, kí àṣírí má baà tú.

Ẹgbẹ́ náà fẹ́ bá ẹgbẹ́ kan tí kò lágbára tó wọn ṣe ìdíje. Alágbàfọ̀ gbè lẹ́yìn ẹgbẹ́ tí kò lágbára. Ìdajì owó ojú ìyá rẹ̀ ló fi lé e lórí.

Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n fi fóònù Ọ̀jọ̀gbọ́n ti agolo ọṣẹ, wọ́n jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, wọ́n ń wo ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn eléré sáré jáde. Nọ́ńbà mẹ́wàá ló ṣíwájú wọn. Jẹ́sì rẹ̀ ń dán lọ́rùn rẹ̀.

"Wọ́n kàn ní kó jáde wá kí èèyàn ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Nọ́ńbà mẹ́wàá gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó. Ó tún gbá a. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó dìde, ó tún gbá a. Kí ìdíje tó parí, owó náà ti lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti na ọwọ́ pa fóònù.

Ọjọ́ Ajé dé, àpò dé, jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́wàá sì tún mọ́ tónítóní nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ di apá Baba Oníjẹ́sì mú.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé tí aṣọ ọkùnrin yìí kì í dọ̀tí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Orí ìyẹn ò pé! Aṣọ méjì ló ń gbà. Èyí tó bá fi gbá bọ́ọ̀lù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní wọ́n á fọ oríire òun dànù. Ilé ló ń gbé e lọ, ìyàwó rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Èyí tí kò wọ̀ ló ń jù sápò." Ó wo ojú Alágbàfọ̀. "Ṣé kò sí o? Gbogbo ọjọ́ Ajé la jọ ń rí ara wa, o ò bi mí rí."

Bó bá ṣíwọ́ níbẹ̀, ìdajì owó ṣì wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Alágbàfọ̀ ò fẹ́ jẹ owó kankan mọ́, ó kàn fẹ́ gba èyí tó lọ padà. Nítorí èyí tó lọ, ó mú nínú èyí tó kù. Nítorí ìyẹn náà, ó tún mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ lórí ẹgbẹ́ tí kò rí jẹ́sì wọn rí, ní ìlú tí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó ń ka àmì lórí fóònù lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó da omi gbígbóná sórí aṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá wọn gbé aṣọ náà sókè níwájú gbogbo èèyàn, ó sì gbé e sílẹ̀.

Nílé, ìyá rẹ̀ ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó forí gbá férémù ilẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ pa á.

"Ṣé ẹ ti tún gbé ilẹ̀kùn yìí kúrò níbi tó wà ni?" ó ní. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ilé ìwòsàn ò tíì pè wá?"

"Dókítà rìnrìn àjò, Ìyá."

"Ó dáa. Ọlọ́run á mú un bọ̀ láyọ̀."

Ó ń gbàdúrà fún ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni ò rìn. Alágbàfọ̀ jáde, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò dúró de dókítà náà kó dé. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ ìyá mú, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti pe Alágbàfọ̀ níbi iṣẹ́.

"Dókítà tí o ní ó rìnrìn àjò ló dúró níwájú mi yìí. Ó ní òun ò lọ ibì kankan láti ọdún tó kọjá. Máa bọ̀."

Ó bá wọn nínú yàrá kékeré kan. Ìyá jókòó lórí àga, ó kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn nímọ̀ràn, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ojú ìyá tán.

"Ojú òsì ti lọ," nọ́ọ̀sì wí. "Ojú ọ̀tún ṣì ní díẹ̀. Mi ò ní í purọ́ fún yín, èyí tó ti lọ kò ṣeé gbà padà. Kò sí abẹ tó lè mú un bọ̀. Èyí tó kù ni a lè dáàbò bò, tí a bá ṣe é kíákíá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a dá ọjọ́ fún yín, ẹ ò wá. Kí ló fà á?"

Alágbàfọ̀ ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó.

"Èmi ni," ó ní. "Owó náà ò pé mọ́. Mo ti fi ta tẹ́tẹ́."

"Tẹ́tẹ́ kí ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"Rọ́gíbì."

"Kí ló ń jẹ́ rọ́gíbì?"

Ó ṣí ẹnu láti ṣàlàyé, omijé sì bọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sọ̀rọ̀. "Mo ta ẹ̀rọ mi! Ẹ̀rọ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi! Ẹni tó ń dá owó olówó padà nínú àpò ṣòkòtò, tiwa lo wá kó jẹ?"

Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá fa àga, ó jókòó síwájú Alágbàfọ̀.

"Báwo lo ṣe mọ ẹni tó máa borí?"

Ó sọ ìtàn jẹ́sì fún un. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo àwọn atatẹ́tẹ́ tó ń wá síbí ló ní jẹ́sì tiwọn," ó ní. "Ẹnì kan á ní òun mọ awakọ̀ ẹgbẹ́. Ẹnì kan á ní òun lálàá. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Ká ní ẹgbẹ́ méjì dọ́gba. Ìwọ fi ọgọ́rùn-ún gbe ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọgọ́rùn-ún gbe èkejì. Èló ló wà lọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́?"

"Igba."

"Ẹni tó bá jẹ, àádọ́wàá ni wọ́n á san fún un. Mẹ́wàá ti kù sọ́wọ́ wọn. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù? Ta ló ṣubú? Kò kàn wọ́n. Ẹrù àmì tí wọ́n ń dì yẹn, wọ́n ń dì í kí ìhà méjèèjì lè dọ́gba ni, kí mẹ́wàá tiwọn lè dájú. Bí o bá sì so ìdíje márùn-ún pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ìgbà márùn-ún ni wọ́n máa bù ú. O lè jẹ lónìí. Bí o bá ń bá a lọ, owó rẹ á máa kéré sí i ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Mo fẹ́ gba ti tẹ́lẹ̀ padà ni, mà."

"Mo mọ̀. Kí ni mo sọ nípa ojú ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìí?"

Alágbàfọ̀ gbé orí sókè. "Ẹ ní èyí tó lọ ti lọ."

"Owó náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lé e, èyí tó kù ló ń ná." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tí èèyàn bá ń purọ́ nítorí tẹ́tẹ́, tó ń fi owó ìtọ́jú ta á, tí kò lè fi í sílẹ̀ bó tilẹ̀ fẹ́, àìsàn ti ń bọ̀ níbẹ̀. Ó ní ìtọ́jú. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n wá gbà á."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́. "Mú fóònù wá. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, nọ́ọ̀sì fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ti ilẹ̀kùn tẹ́tẹ́ mọ́ ara ẹni hàn án. Alágbàfọ̀ kọ̀wé sí ilé tẹ́tẹ́ pé kí wọ́n má gba owó òun mọ́. Ó pe báǹkì pé kí wọ́n dí ọ̀nà tí owó ń gbà lọ síbẹ̀. Owó tó kù, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn nígbà tó ń ṣe é. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ó dà bíi pé wọ́n ń pa iná nínú yàrá tí òun ṣì wà.

Ìyá yí orí síbi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń wá.

"Gbogbo àdúrà tí mo gbà fún dókítà," ó ní, "ẹ bá mi yí i bọ̀ sórí ọmọ mi yìí. Ó jọ pé òun ló lọ jìnnà."

Owó tó kù kò tó. Ilé ìwòsàn gbà kí wọ́n san ìyókù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Owó oṣù Alágbàfọ̀ ń gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá báyìí. Ó ń lọ rí nọ́ọ̀sì náà déédéé. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó fi fóònù ẹlòmíràn ta á, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì bá a lọ. Ó ní òun ń ṣe ìwádìí.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Ìríran tó kù níbẹ̀ dúró. Ìyá ń fi í rí ọ̀nà, ó ń fi í dá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ojú òsì kò tún ríran mọ́, kò sì ní í ríran mọ́ láéláé. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń rìn níhà ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ rọ́gíbì, tàbí tẹ́tẹ́ eré yòówù kó jẹ́, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń di ẹrù, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n àti ẹni tó ń sanwó. Bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, o ti mọ ẹni tó máa jẹ. Má ṣe gbà pé o ní àṣírí tí wọn ò mọ̀. Owó oògùn, owó ilé ìwé, owó ilé àti owó tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ kì í ṣe owó tẹ́tẹ́, ì báà ku kékeré kí ó pé. Ohun tó kù kó pé, sọ fún àwọn tó ni ín.

Bí ẹni yín bá ti kó sí i, ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ má bá a wí tán kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ bá a mú owó kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀, ẹ bá a ti ilẹ̀kùn lórí fóònù àti ní báǹkì, kí ẹ sì tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Bó bá tún ṣubú, ẹ tún bá a dìde.

Bó bá sì jẹ́ ìwọ gan-an ni, tí o ti pa irọ́ kan tí ẹnì kan ń gbàdúrà lé lórí, sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ọjọ́ Sátidé tó dé.